Bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ ìwádìí nínú láàbù sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ fún àwọn àrùn tí ń jẹ ọpọlọ run

Ohun tí ó ń mú iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ ìwádìí nira nínú láàbù tí ó ń fi sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ (stem cell, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tí ó ṣì lè di irú sẹ́ẹ̀lì mìíràn) wádìí àwọn àrùn tí ń jẹ ọpọlọ run ni bí àṣìṣe ṣe máa ń jìnnà sí ibi tí àbájáde rẹ̀ ti ń farahàn. Sẹ́ẹ̀lì tí a kò tọ́jú dáadáa lónìí lè dà bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣe é, títí di ọ̀sẹ̀ kẹjọ tàbí ìkẹwàá, nígbà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tí a sọ ọ́ dà yóò kọ̀ láti dàgbà, tàbí tí wọn yóò dàgbà ṣùgbọ́n tí èsì wọn kò ní bá ti ìgbà tí ó kọjá mu. Nígbà náà, kò sí ẹni tí yóò rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ọ́ kan báyìí, àfi bí ẹnì kan bá ti kọ ọ́ sílẹ̀. Èrò kan ṣoṣo ni ó wà nídìí gbogbo ìmọ̀ràn tí mo kọ síhìn-ín: bí ẹ ó ṣe máa rí àṣìṣe ní ọjọ́ tí ó bá ṣẹlẹ̀ gan-an, tàbí kí ó má pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí láàbù yín ń wá

A kò lè máa gé lára ọpọlọ alààyè wò bí a ti ń gba ẹ̀jẹ̀, bí aláìsàn bá sì kú tán, ọ̀pọ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tí a fẹ́ wádìí ni yóò ti ṣègbé ṣáájú rẹ̀. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ tí Kazutoshi Takahashi àti Shinya Yamanaka ṣe ní Yunifásítì Kyoto, ní Japan, ní ọdún 2006 fi ṣí ilẹ̀kùn tuntun. Wọ́n fi jíìnì mẹ́rin, ìyẹn Oct4, Sox2, Klf4 àti c-Myc, sínú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gbà lára èkúté, sẹ́ẹ̀lì náà sì padà sí ipò ìbẹ̀rẹ̀, níbi tí ó ti lè di irú sẹ́ẹ̀lì yòówù nínú ara. Ní ọdún 2007 wọ́n ṣe é pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn, Yamanaka sì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2012 pẹ̀lú John Gurdon. Irú sẹ́ẹ̀lì tí a yí padà báyìí ni àwọn ará láàbù ń pè ní iPSC. Lónìí, a lè gba awọ díẹ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ní àrùn Parkinson, kí a sọ ọ́ di iPSC, kí a sì ti ibẹ̀ sọ ọ́ di neuron, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tí ń gbé ìròyìn káàkiri nínú ọpọlọ, tí yóò sì ru jíìnì ẹni náà gẹ́gẹ́ bí ó ti rí.

Ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí ẹ ó gboyè ọ̀mọ̀wé kí ẹ tó mọ àrùn tí láàbù yín ń lé. Bí ó bá jẹ́ Parkinson, àwọn neuron tí ń ṣe dopamine, èròjà tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn, ní apá ọpọlọ tí à ń pè ní substantia nigra ni wọ́n ń kú, purotéènì alpha-synuclein ni ó sì máa ń dì pọ̀ nínú wọn. Bí ó bá jẹ́ Alzheimer, purotéènì amyloid-beta ń ṣù jọ sí ìta sẹ́ẹ̀lì, purotéènì tau sì ń lọ́ mọ́ra nínú sẹ́ẹ̀lì. Nínú ALS, àrùn tí ń sọ iṣan di aláìlágbára, àwọn neuron tí ń darí iṣan ẹran ara ni wọ́n ń kú, purotéènì TDP-43 sì máa ń kúrò nínú nucleus, àárín sẹ́ẹ̀lì níbi tí jíìnì wà, lọ dì sí ìta rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn aláìsàn. Àrùn Huntington ní tirẹ̀ wá láti inú jíìnì kan ṣoṣo tí ó ń jẹ́ HTT, níbi tí lẹ́tà mẹ́ta nínú àkọsílẹ̀ jíìnì náà, CAG, ti ń tún ara wọn kọ ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹni tí iye àtúnkọ rẹ̀ bá tó 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò ní àrùn náà bí ó bá pẹ́ láyé tó. Ẹni tí kò mọ irú sẹ́ẹ̀lì tí ó ń wá kò ní mọ̀ nígbà tí àwo rẹ̀ bá kún fún irú mìíràn.

Kíkọ́ iṣẹ́ ọwọ́

Ẹ má ṣe fi sẹ́ẹ̀lì aláìsàn kọ́ṣẹ́. Ẹ béèrè fún sẹ́ẹ̀lì ẹni tí ara rẹ̀ dá, èyí tí láàbù ní lọ́pọ̀ tí a ó sì dà nù nígbẹ̀yìn, kí ẹ wo ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, kí ẹ ṣe é lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣe é fúnra yín. Ìdánwò tí mo fọwọ́ sí jù lọ fún ẹni tuntun ni pé kí a fún un ní àwo kan kí ó máa tọ́jú rẹ̀ fún oṣù kan gbáko, ní ẹ̀gbẹ́ àwo kan náà tí àgbà láàbù ń tọ́jú, kí a sì gbé méjèèjì sábẹ́ máíkírósíkóòpù nígbẹ̀yìn. Bí a kò bá lè mọ èyí tí í ṣe ti ẹni tuntun, ó ti ṣe tán.

Ní ti ààbò, ẹ ka gbogbo sẹ́ẹ̀lì ènìyàn sí ohun tí ó lè ní kòkòrò àrùn nínú, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ rí kòkòrò kankan nínú rẹ̀ rí. Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti kóòtù láàbù, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ wọ̀ wọ́n jáde lọ síbi tí a ti ń jẹun. Paraformaldehyde tí a fi ń mú sẹ́ẹ̀lì dúró lójú kan kí a tó kùn ún ní àwọ̀ jẹ́ májèlé, inú àpótí tí ń fa èéfín jáde nìkan ni a sì ti ń ṣí i.

Ìtọ́jú ojoojúmọ́

Ojú ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́. Kí ẹ tó bu omi oúnjẹ kankan sínú àwo, ẹ gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù kí ẹ wò ó dáadáa. iPSC tí ara rẹ̀ dá máa ń fún pọ̀ mọ́ra ní agbo, etí agbo náà máa ń gún régé, nucleus inú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan sì tóbi débi pé àyè díẹ̀ ni ó kù yí i ká. Bí ẹ bá rí sẹ́ẹ̀lì tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ tí ó sì ń nà ká kiri ní etí agbo tàbí ní àárín rẹ̀, èyí ti bẹ̀rẹ̀ sí í di nǹkan mìíràn láìjẹ́ pé a sọ fún un. Ẹ fi ẹnu pípẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá tín-ín-rín tí a fi ń fa omi, ha á kúrò kí ẹ tó pààrọ̀ omi oúnjẹ. Bí ó bá ti gba ìlàjì àwo, ẹ má ṣe gbìyànjú láti gbà á là. Ẹ sọ ọ́ nù kí ẹ sì yọ òmíràn láti inú òtútù. Ó máa ń dun ni láti da iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì nù, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí a fi oṣù mẹ́ta sọ sẹ́ẹ̀lì burúkú di neuron burúkú.

Ínkúbétọ̀, àpótí tí a ń gbé àwo sẹ́ẹ̀lì sí kí ó lè móoru, wà ní ìwọ̀n ooru 37°C pẹ̀lú ìdá 5 nínú 100 afẹ́fẹ́ CO₂. Ní ọ̀pọ̀ láàbù, ojoojúmọ́ ni a ń pààrọ̀ omi oúnjẹ iPSC, nítorí pé èròjà bFGF tí ó ń mú un dúró ní ipò ìpìlẹ̀ kì í pẹ́ dín agbára kù bí ó bá wà nínú ooru. Nítorí ìdí kan náà, ẹ má ṣe gbé odidi ìgò omi oúnjẹ sínú omi gbígbóná lójoojúmọ́; ẹ da ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ lò lọ́jọ́ náà sọ́tọ̀, kí ẹ jẹ́ kí ó móoru díẹ̀ lórí tábìlì, kí ẹ sì dá ìgò padà sí fíríìjì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Matrigel tí a fi ń tẹ́ ìsàlẹ̀ àwo kí sẹ́ẹ̀lì lè rí ibi dìrọ̀ mọ́ ní ìwà tirẹ̀: inú yìnyín ni a ti ń yọ ọ́, pẹ̀lú ẹnu pípẹ́ẹ̀tì tí a ti mú tutù, nítorí pé bí ó bá móoru, yóò dì sínú ike rẹ̀, owó ńlá sì ti ṣòfò.

Nígbà tí agbo sẹ́ẹ̀lì bá ti bo ìdá 70 sí 80 nínú 100 àwo, ó tó àkókò láti pín in sí àwo tuntun. Bí ẹ bá ń lo EDTA 0.5 mM, kẹ́míkà tí ń tú sẹ́ẹ̀lì kúrò lára ara wọn, ẹ fi omi iyọ̀ PBS tí kò ní calcium ṣan àwo, ẹ da EDTA sí i fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ máa wò ó títí àlàfo yóò fi máa hàn láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì, ẹ dà á nù, kí ẹ sì fi omi oúnjẹ gbọ̀n wọ́n kúrò nílẹ̀ ní ṣùṣù kéékèèké. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, kò sì sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bá iṣẹ́ mu tó ibí yìí: bí ẹ bá fà á sókè fà á sílẹ̀ nínú pípẹ́ẹ̀tì jù, ṣùṣù yóò fọ́ di sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, iPSC ènìyàn tí ó bá sì dá wà kì í sábàá yè. Nígbà tí iṣẹ́ bá béèrè pé kí ẹ yà wọ́n sí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi oògùn Y-27632 ní ìwọ̀n 10 µM sínú omi oúnjẹ kí wọ́n má baà kú, kí ẹ sì mú un kúrò lẹ́yìn wákàtí 24.

Inú àpótí afẹ́fẹ́ mímọ́ ni gbogbo èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ fi ethanol ìdá 70 nínú 100 nu gbogbo ohun tí ó bá wọ inú rẹ̀, títí kan ìbọ̀wọ́. Èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ethanol pátápátá kò ṣiṣẹ́ tó o, nítorí pé omi tí ó wà nínú ti ìdá 70 wà lára ohun tí ó ń jẹ́ kí ó ba purotéènì kòkòrò jẹ́. Ẹ má ṣe gbé ìwé tàbí ike dí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé níwájú àpótí. Sẹ́ẹ̀lì ẹnì kan ṣoṣo ni kí ó wà nínú àpótí lẹ́ẹ̀kan, ìgò omi oúnjẹ tirẹ̀ sì gbọ́dọ̀ yàtọ̀, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì méjì tí ó bá dà pọ̀ kò ní kígbe. Láti fi dá wọn mọ̀, láàbù tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń ṣe àyẹ̀wò STR, èyí tí ó dà bí ìtẹ̀ka ọwọ́ fún sẹ́ẹ̀lì, nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá kọ́kọ́ dé àti nígbà tí a bá fẹ́ dì í pa mọ́.

Ọ̀tá tí a kò rí

Bakitéríà máa ń mú kí omi oúnjẹ rú láàárín ọjọ́ kan sí méjì, olú a sì máa hàn bí òwú. Mycoplasma kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kéré débi pé máíkírósíkóòpù tí à ń lò lójoojúmọ́ kò lè fi í hàn, ó lè gba inú asẹ́ 0.2 µm kọjá, kò sì ní ògiri ara, nítorí náà penicillin kò lè rí nǹkan kan fi ṣe é. Ó lè wà nínú àwo fún oṣù púpọ̀, tí yóò máa jẹ oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì, tí yóò sì máa yí bí jíìnì wọn ṣe ń ṣiṣẹ́ padà, títí ẹnì kan yóò fi rò pé ìyàtọ̀ tí òun rí láàárín aláìsàn àti ẹni tí ara rẹ̀ dá jẹ́ ti àrùn. Nítorí náà, ẹ fi PCR, àyẹ̀wò tí ń wá jíìnì kòkòrò, yẹ gbogbo sẹ́ẹ̀lì tí ó wà nínú ínkúbétọ̀ wò lóṣooṣù, kí sẹ́ẹ̀lì tuntun tí ó bá ti ibòmíràn dé sì kọ́kọ́ máa gbé inú ínkúbétọ̀ tirẹ̀ títí èsì àyẹ̀wò rẹ̀ yóò fi jáde. Bí àwo kan bá ní in, ẹ sọ ọ́ nù, ẹ sì sọ fún gbogbo ẹni tí ó ń lo ínkúbétọ̀ náà ní ọjọ́ yẹn kan náà, ìbáà jẹ́ sẹ́ẹ̀lì ti yín ni ó kó o wá.

Lójú tèmi, kí láàbù máa fi oògùn tí ń pa bakitéríà sínú omi oúnjẹ iPSC lójoojúmọ́ kò dára. Ó ń bo ìwà àìmọ́tótó ọwọ́ mọ́lẹ̀, ohun tí a bá sì bò mọ́lẹ̀ níbí, ìgbà tí ó bá burú jù ni yóò hàn.

Ọ̀tá kejì wà nínú sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀. Bí iPSC bá ti ń pín léraléra, èyí tí krómósómù rẹ̀ (okùn tí jíìnì tò sí) bá yí padà tí ó sì ń yára dàgbà yóò borí àwọn yòókù. Ẹ máa fura sí sẹ́ẹ̀lì tí ó bá ṣàdédé rọrùn láti tọ́jú. Krómósómù 1, 12, 17 àti X ni a sábà máa ń rí pé ó pọ̀ sí i, àti ibì kékeré kan tí à ń pè ní 20q11.21, èyí tí ó lè kéré jù fún àyẹ̀wò krómósómù lábẹ́ máíkírósíkóòpù láti rí, tí a sì ní láti fi qPCR, irú PCR tí ń ka iye, wá. Ẹ kọ iye ìgbà tí a ti pín sẹ́ẹ̀lì sí ara àwo ní gbogbo ìgbà. Láàbù púpọ̀ ń yẹ krómósómù wò ní nǹkan bí ìpín mẹ́wàá-mẹ́wàá síra.

Dídì pa mọ́ àti yíyọ jáde

Ẹ dì wọ́n ní kùtùkùtù, nígbà tí iye ìpín wọn ṣì kéré. Omi oúnjẹ tí ó ní ìdá 10 nínú 100 DMSO, kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí yìnyín ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́, ni a ń lò, a sì ń jẹ́ kí ó tutù díẹ̀díẹ̀, ní nǹkan bí 1°C ní ìṣẹ́jú kan, nínú àpótí tí a ṣe fún un nínú fírísà -80°C, kí a tó gbé e sínú nitrogen olómi ní ọjọ́ kejì. Yíyọ rẹ̀ ní tirẹ̀ ń fẹ́ ìyára: ẹ mú un sínú omi 37°C títí yìnyín kékeré kan ṣoṣo yóò fi kù, ẹ fi omi oúnjẹ là á ní ẹ̀kán-ẹ̀kán, ẹ yí i nínú ẹ̀rọ kí sẹ́ẹ̀lì lè wálẹ̀, kí ẹ sì da omi tí DMSO wà nínú rẹ̀ nù. Ooru nitrogen olómi jẹ́ -196°C. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tí ó nípọn àti ohun tí ó bo gbogbo ojú, nítorí pé ike tí nitrogen bá ti wọ inú rẹ̀ lè bú bí a bá mú un jáde, ẹ má sì dá wà nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò ti ń fẹ́, torí pé gáàsì rẹ̀ ń lé afẹ́fẹ́ tí à ń mí kúrò láìní òórùn kankan.

Sísọ wọ́n di neuron, àti kíka èsì

Ọ̀nà méjì ni ẹ ó sábà bá pàdé. Èkíní, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2009, ń dí ojú ọ̀nà méjì tí ìròyìn ń gbà nínú sẹ́ẹ̀lì, tí à ń pè ní SMAD, kí iPSC lè kọrí sí ipa ọ̀nà ọpọlọ, lẹ́yìn náà a ó fi àwọn èròjà mìíràn tọ́ ọ sí irú neuron tí a fẹ́, bí àpẹẹrẹ SHH àti CHIR99021 fún èyí tí ń ṣe dopamine. Ó ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, sẹ́ẹ̀lì inú àwo kì í sì í rí bákan náà. Èkejì ń fi agbára tan jíìnì NGN2, neuron a sì jáde láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n irú kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń mú wá, kì í sì í ṣe èyí tí ń ṣe dopamine. Ohun tí ó sábà máa ń ba ọ̀nà méjèèjì jẹ́ ni iye sẹ́ẹ̀lì tí a gbìn ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ kà á gan-an, ẹ má ṣe fojú díwọ̀n.

Neuron kì í pín mọ́, nítorí náà èyí tí ó bá ṣí kúrò nílẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ìdajì omi oúnjẹ ni a ń pààrọ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ògiri àwo, jẹ́jẹ́, láìjẹ́ kí ó yọ ìfóòfó, a kì í sì í jẹ́ kí ojú wọn gbẹ. Ẹ rántí pẹ̀lú pé yíyí sẹ́ẹ̀lì padà sí ipò ìbẹ̀rẹ̀ ti pa púpọ̀ lára àmì ọjọ́ orí rẹ̀ rẹ́, tí ó fi jẹ́ pé neuron tí ó ti ara arúgbó ẹni 70 ọdún wá jọ ti ọmọ inú oyún. Bí àmì àrùn kò bá hàn nínú àwo yín ní kíá, kò túmọ̀ sí pé iṣẹ́ yín kò dára.

Nígbà tí ó bá kan ìṣirò, ibi tí mo ti rí àríyànjiyàn jù ni lórí ohun tí a lè kà sí ìdánwò kan. Ihò àwo mẹ́ta tí a gbìn ní ọjọ́ kan náà láti inú sẹ́ẹ̀lì ẹnì kan náà kì í ṣe ìdánwò mẹ́ta. Ẹyọ kan ni, tí a wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta. Ìdánwò òtítọ́ ni èyí tí a tún bẹ̀rẹ̀ láti iPSC, tàbí èyí tí ó ti ọ̀dọ̀ aláìsàn mìíràn wá. Nítorí pé jíìnì ènìyàn kan yàtọ̀ sí ti èkejì ní ọ̀nà púpọ̀ tí kò kan àrùn, ohun tí ó dára jù láti fi wé sẹ́ẹ̀lì aláìsàn ni sẹ́ẹ̀lì aláìsàn kan náà tí a ti fi CRISPR, irinṣẹ́ tí a fi ń gé jíìnì, tún àléébù jíìnì rẹ̀ ṣe. Bí ẹ bá ń ka neuron lórí àwòrán, ẹ bẹ ẹlòmíràn kí ó fi nọ́ńbà bo orúkọ àwòrán náà títí ẹ ó fi kà á tán, nítorí ojú ènìyàn mọ bí a ṣe ń rí ohun tí ọkàn ń fẹ́.

Ìwé àkọsílẹ̀

Ẹ kọ ọ́ ní àsìkò tí ẹ ń ṣe é, kì í ṣe ní ìrọ̀lẹ́. Orúkọ sẹ́ẹ̀lì, iye ìpín rẹ̀, nọ́ńbà tí ó wà lára ìgò Matrigel àti omi oúnjẹ tí ẹ lò, iye sẹ́ẹ̀lì tí ẹ gbìn, àti bí ó ti rí lójú yín, gbogbo rẹ̀ ni kí ó wọ inú ìwé. Nọ́ńbà ara ìgò ni àwọn ènìyàn máa ń fojú fò jù, bẹ́ẹ̀ ni ìyípadà láti ìgò kan sí òmíràn lè tó láti yí èsì padà. Lára àwo, ẹ kọ orúkọ sí ara ike ìsàlẹ̀, kì í ṣe sí ara ìdérí, torí ìdérí méjì lè pààrọ̀ ipò láàárín ìṣẹ́jú kan.

Orúkọ ẹni tí ó fi awọ tàbí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ hàn níbikíbi nínú èyí. Àmì ìdánimọ̀ nìkan ni ẹ ó máa rí, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ wá ẹni tí ó jẹ́, bí ó ti wù kí ó rọrùn tó. Ẹ ka ìwé àdéhùn tí ó fọwọ́ sí, nítorí pé ó lè gbà kí a fi sẹ́ẹ̀lì òun wádìí àrùn kan, kí ó má sì gbà kí a fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tí ń ta oògùn.

Sẹ́ẹ̀lì kò mọ ọjọ́ ìsinmi, nítorí náà ẹ ṣètò ẹni tí yóò máa bọ́ wọn ní Sátidé àti Sọ́ńdè kí ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì kọ ìlànà sílẹ̀ fún un bí ẹni pé kò rí sẹ́ẹ̀lì yín rí. Bí àkókò bá sì tó tí ẹ ó fi láàbù sílẹ̀ lọ sí ibòmíràn, ẹ fi oṣù kan ṣáájú yọ ike kọ̀ọ̀kan jáde nínú òtútù, láti inú gbogbo irú sẹ́ẹ̀lì tí ẹ dì, pẹ̀lú ẹni tí yóò rọ́pò yín. Ẹ jẹ́ kí òun ni kí ó gbìn ín, kí ẹ sì jọ wò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí tí kò bá yè, ẹ ṣì ní àyè láti dì òmíràn.